Àwòṣe Páálí

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo máa ń wọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú Toledo,
èmi, garawa mi, àti ìnulẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọn ò tíì tú ká.
Èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ lára bàtà wọn,
ó ń ṣàn sórí ilẹ̀ tí mo nù lánàá.
Mo fẹ̀yìn ti ògiri.
Ojú mi ń ka ẹrẹ̀, etí mi ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Bí iná pupa bá tàn, ọ̀rọ̀ á já lẹ́nu bí òwú.

Lọ́yà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ò bá ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe.
Wákàtí kan ni tirẹ̀, pẹ̀lú omi tútù nínú ife gíláàsì,
pẹ̀lú pápá ìṣeré tí wọ́n fi páálí kọ́, tí wọ́n gbé ka orí tábìlì
bí àkàrà òyìnbó ìgbéyàwó.
Ó ní iṣẹ́ ń bọ̀. Ó ní owó orí díẹ̀ ni yóò kún un.
Díẹ̀!
Díẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́, adìẹ ò sì lè gbé e mì.

Lorraine Pettiford dìde, ìyá onílé ìfọṣọ òpópónà wa:
“Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ni mo ní. Mo ti san gbèsè mọ́kànlá.
Ẹ wí fún mi, ta ni yóò san mẹ́ta tó kù
bí ẹ bá wó ògiri tó dúró tì wọ́n?”
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Iná pupa tàn.

Dwight Kaczmarek náà dìde, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.
Ilé iṣẹ́ gíláàsì ti lé e láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi;
ọmọ náà ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.
“Ẹ kọ́ ọ,” ó ní. “Ẹ ṣáà kọ́ nǹkan kan. Ohunkóhun.”
Mi ò lè bínú sí i.
Mo mọ ohùn yẹn: ohùn ẹni tó ti ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
tí iye rẹ̀ ò yí padà.

Ó wá kan káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, Vance Abernathy.
Lóṣù kẹwàá, ó jókòó ní pálọ̀ mi, ó jẹ púfúpúfú márùn-ún,
ó ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀.
Nígbà tó ń wá ìbò, ó mọ ibo ni mò ń gbé.
Ìbò wá dé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lálẹ́ yìí,
ó ń wo bàtà rẹ̀, kò mọ ibo mọ́.
“Mo fọwọ́ sí i,” ó wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀.

Méje sí márùn-ún.

Gbogbo wọn lọ. Ó ku èmi àti àwòṣe páálí.
Mo ń nu eruku rẹ̀; iṣẹ́ mi ni.
Odò Maumee wà níbẹ̀, bébà aláwọ̀ sánmà, kò ní ẹrẹ̀.
Àwọn ènìyàn oníke wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé garawa nínú wọn.
Mo fi ìka tọ òpópónà wa, láti afárá, kọjá ṣọ́ọ̀ṣì,
mo yà sọ́tùn-ún:
ọ̀wọ́ mọ́tò wẹ́wẹ́, bí ẹ̀wà tí a tò sórí atẹ.
Pupa kan dúró sí yàrá tí mo ń sùn.

Mo yọ ọ́. Mo fi í sápò.
Àmì gọ́ọ̀mù nìkan ló kù níbẹ̀, ó ń dán.

Ní aago kan òru, ọmọ mi ò tíì sùn.
Ìyìọlá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀wù ẹgbẹ́ náà lọ́rùn rẹ̀,
nọ́ńbà mẹ́sàn-án lẹ́yìn.
“Màmá, ṣé wọ́n gbà á?”
Mo bọ́ bàtà kan. Mo bọ́ èkejì.
“Wọ́n gbà á,” mo ní.
Ó fò sókè, ilẹ̀ onípákó yàrá wa dún gbì,
ó tún fò.