Òṣùwọ̀n Kajú

Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ń rùn bí èso kajú tó ti ń kan.
Lẹ́yìn Tákí, nínú abà onípáánù, èmi ni mò ń ka òṣùwọ̀n.

Ìyá Ọyáwálé gbé àpò kan dé.
Àpò náà rù. Ìyá náà rù jù ú lọ.
Ó ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ,
dókítà ti dárúkọ owó, ó ti dárúkọ ọjọ́.
Mo gbé ẹsẹ̀ lé etí òṣùwọ̀n,
ìka kan péré.
Kílò mọ́kànlélógún di ọgbọ̀n.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Ọkàn ló gbọ̀n, nígbà tílẹ̀ ṣú.

Ẹni tó bá pè mí lólè, n ó bá a jà.
Ẹni tó bá ní n kì í ṣolè,
òun náà, n ó bá a jà.

Lọ́jọ́ kẹta mo tọ ọ̀gá lọ,
Tuan, ará Fiẹtinámù, ẹlẹ́sìn Búdà,
tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹní kílẹ̀ tó mọ́,
tí kì í pa èèrà inú ṣúgà rẹ̀.
Mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Ǹjẹ́ ibi lè tọ́ nígbà kan?"

Kò bínú. Ó mú hóró kajú tútù kan, ó fòkúta fọ́ ọ.
Epo rẹ̀ ta sí i lọ́wọ́. Ó ní lọ́la ibẹ̀ yóò bó.
"Bí mo fọ́ ọ fún ọmọ tébi ń pa,
bí mo fọ́ ọ kí n lè jí i jẹ,
ǹjẹ́ epo yìí á bèèrè?
Èrò ni irúgbìn. Tìrẹ dára, yóò hù, wàá jẹ níbẹ̀.
Irọ́ náà, irúgbìn ni. Yóò hù.
Má sọ fún mi pé ó tọ́.
Sọ pé o rí ọmọ náà, o sì gbà kọ́wọ́ rẹ bó."

Mo fẹ́ dìde. Ó ní,
"O mọlé mi. Kí ló dé tóò kọ́kọ́ bi mí?"

Háà. Ibẹ̀ ló ti dùn mí.
N ò tilẹ̀ fún ọkùnrin yìí láyè àtiṣàánú.

Ó yọ kílò mẹ́sàn-án náà nínú owó oṣù mi, kò dín kọ́bọ̀.
Nírọ̀lẹ́ ó gun ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn,
kò sọ ohun tó gbé lọ.

Ọmọ náà ń sáré kiri Sábó báyìí.
Èmi ṣì ń wọn kajú.
Bí ìyá kan bá gbé àpò tó rù dé,
ìka ẹsẹ̀ mi a máa yún mi.