Wáyà Tó Sanra

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́
kí n tó rí èéfín.
Rọ́bà tó ń jóná kì í ṣe òórùn tí í lọ bọ̀rọ̀,
ó wà lára aṣọ iṣẹ́ mi títí di ọjọ́ Àìkú.

Ayùn iná ṣì ń yí nígbà náà,
ó ń yí bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn,
pákó máhógánì ti dì í mú láàárín.
Mo ní eyín ayùn ni kò mú mọ́.
Mo bú ẹni tó pọ́n ọn.
Mi ò bojú wẹ̀yìn,
níbi tí wáyà funfun, tínínrín bí okùn bàtà,
gbé ká jọ nílẹ̀ bí ejò tó yó,
tó ń se ara rẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Èmi ni mo rà á,
kí n má purọ́ mọ́ ọmọ iṣẹ́.
Lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ni,
lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó fi orí ìyá rẹ̀ búra.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ Ìdúmọ̀tà.
Mo gé ibi tó jóná, mo dì í sínú ọ̀rá
bí ẹni tó gbé ìtọ̀ aláìsàn lọ fún dókítà.
Ọ̀gbẹ́ni Ọbiọ́rà jókòó láàárín ìdì wáyà,
awò ojú rẹ̀ wà ní ìdajì imú.
Kò bi mí pé èló ni mo mú wá.
Ó ní, "Kí lo fẹ́ kì bọ̀ ọ́?
Ṣé fáànù ni, àbí ẹ̀rọ tó ń jẹ pákó?
Láti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdí iṣẹ́, ẹsẹ̀ mélòó?"
Mo ní n ò kà á rí.
"Lọ kà á. Ọmọ tó ń pọnmi láti ọ̀nà jíjìn,
ìdajì garawa ló ń gbé délé.
Bí ọ̀nà bá gùn, wáyà gbọ́dọ̀ sanra."

Ó wá fi abẹ họ irun wáyà mi:
pupa lójú, funfun nínú.
"Kọ́pà kọ́ nìyí, Màdáámú.
Àtíkè ni wọ́n fi kun páànù lójú."

Ó fa òmíràn jáde,
dúdú, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ bí etí màlúù,
méjì ààbọ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí i lára.
Okùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.
Ẹ̀kẹta, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè,
èyí táwọn ahun máa ń gé sọnù,
ó ní òun ni yóò sin iná lọ sínú ilẹ̀
lọ́jọ́ tí omi òjò bá wọ àgbàlá mi ní Ṣómólú,
dípò kó gba àyà mi kọjá.

Iye tó pè! Orúnkún ni mo fi gbọ́ ọ.
Mo rò ó ní gbogbo orí afárá Kátà,
mo délé, mo fẹsẹ̀ wọn àgbàlá,
Múfútáù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi:
ẹsẹ̀ mẹ́tàlélógójì, tí a bá yí igi máńgòrò po.
Owó àga Alájà Ṣínábà ni mo fi rà á.
Alájà ṣì ń pè. Mi ò tíì gbé e.

Ní Sátidé, iná dé lọ́sàn-án gangan.
"Tú u sílẹ̀, Múfútáù. Má fi ìkankan sílẹ̀ ní kíká,
tú u tán, kó na ara rẹ̀ bí ẹni tó jí."
Ayùn bọ́ sínú máhógánì,
ó ké bí ẹni tó jẹun kánú.

Mo bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi kan wáyà náà,
bí a ti ń kan iwájú orí ọmọ lóru.
Ó tutù.
Mo tún kàn án.