Èwo Nínú Wa Ni Tòkunbọ̀?

Òjò winniwinni, irú èyí tí kì í lé ewúrẹ́ wọlé,
ló ń rọ̀ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn gáréèjì Baba Hingley
ní Walsall, ládùúgbò tí àwọn ilé bíríkì pupa
ti fara ti ara wọn bí ọmọ ìyá tí ẹ̀rù òkùnkùn ń bà.
Ẹgbẹ̀jọ pọ́n-ùn wà lápò àyà mi,
owó iṣẹ́ òru, owó títi kẹ̀kẹ́ aláìsàn
láti wọ́ọ̀dù dé yàrá iṣẹ́ abẹ.
Abọ́sẹ̀dé gbà pé fíríìjì ni mo lọ rà.

Ó ká tapólì kúrò. Mo dákẹ́.
Ọrùn gígùn bíi ti lékeléke,
páìpù èéfín méjì tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìwo àgbò,
àga awọ gàárì tí Doreen, ìyàwó rẹ̀, fọwọ́ rán
nígbà ayé rẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ gàárì tó ń rán fáwọn olówó.
Ọdún mẹ́rin ni Baba fi gé e, tó fi jó o pọ̀.
Lára ẹ́ńjìnnì nìkan ni orúkọ àwọn tó bí i kù:
HALVERN, tí wọ́n fi ìdẹ gbẹ́.

"Halvern dà?" ni mo bi í.
"Ó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí ẹ.
Ibi tí a ti ń rọ ẹ́ńjìnnì, káápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí."
Mo gbọ́ "a" yẹn. Mi ò tọpinpin rẹ̀.
"Bí nǹkan bá ṣẹ́ ńkọ́? Òkú kì í rọ bóòtù."
Ó gbé agolo bisikíìtì kan sọ̀ kalẹ̀:
nọ́ọ̀tì, wáṣà, ìdajì ṣéènì,
àti bébà kan, nọ́ńbà ẹni tó lè rọ píísì ní Bilston.
Ó ti fa igi lé e. Òmíràn wà nísàlẹ̀. Igi wà lórí ìyẹn náà.
Ẹ̀kẹta ló kù. "Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni,
ṣùgbọ́n ó ń gbé fóònù."

Ẹgbàá ló pè é. Mo ná an ní ẹgbẹ̀fà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.
Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé Doreen ni mo díyelé.
Ojú tì mí.

Alùpùpù, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè.
Ní ìlú mi, tòkunbọ̀ ni wọn ì bá máa pè ọ́,
ohun tí òyìnbó lò kù, tó gun ọkọ̀ ojú omi wá.
Ṣùgbọ́n ìwọ kò kúrò ní Walsall rí,
omi tó pọ̀ jù tí o mọ̀ ni omi òjò inú kòtò.
Èmi ni mo ti òkun bọ̀.
Èmi ni wọ́n tú wò ní pápákọ̀, tí wọ́n yẹ ìwé mi wò,
tí wọ́n ń wá ibi tí mo ti ṣẹ́ rí.
Èwo nínú wa ni tòkunbọ̀?

Ẹ má sì jẹ́ ká fi orúkọ Halvern ṣẹ̀sín.
Ọ̀kadà tí à ń pè nílé, orúkọ bàálù ni.
Àwọn bàálù náà ti dákẹ́,
orúkọ wọn ṣì ń gbé tíṣà lọ síléèwé,
ó ń gbé aboyún lọ sọ́sibítù.

Mo tú àpò. Ẹgbẹ̀jọ, títí kan owó bọ́ọ̀sì.
Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó mú ogún pọ́n-ùn padà fún mi: "Epo."
Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé ọkọ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn,
bí ẹni ń to bíríkì lọ́jọ́ atẹ́gùn: Adégòróyè.
Kò gé e kúrú.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pòṣé.
Lẹ́ẹ̀kẹta, gáréèjì mì tìtì, ológbò kan fò sórí ògiri.
Baba kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń nu sípánà kan
tí kò dọ̀tí tẹ́lẹ̀.

Òjò ò dá. Mo gba ọ̀nà Bloxwich lọ, mo ń ronú
bí n ó ṣe sọ fún Abọ́sẹ̀dé
pé fíríìjì náà ní táyà méjì,
pé ojú fèrèsé ni mílíìkì yóò ṣì máa sùn
títí ọyẹ́ ilẹ̀ yìí yóò fi lọ.