Obì Èṣí

Mo fi ẹ̀kọ lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì:
Fadékẹ́mi Ṣówùnmí, ipò kọkànlélọ́gọ́ta
nínú àwọn obìnrin tó ń gbá sukúọ́ọ̀ṣì jẹun káàkiri ayé.
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará Mákùn.
Ọgọ́ta péré ló wà níwájú ẹ̀,
ayé sì fẹ̀ ju Ṣágámù lọ.

Bàbá ẹ̀ ló ń fọ kọ́ọ̀tù ní kíláàbù àwọn oníṣìmẹ́ńtì:
korobá, ọṣẹ, àkísà,
kó lè nu ojú ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù dúdú kúrò lára ògiri funfun.
Ọmọ ọdún méje ni ó tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀.
Kò fẹ́ jáde mọ́.

Nígbà tó wálé nínú ọyẹ́, mo bi í:
báwo ni wọ́n ṣe ń to ènìyàn?
A jọ ń bó obì ni,
gbànja tí ọkọ̀ Kánò ń dúró dè ní Sábó.
Ó ní ìdíje ńlá, àmì ńlá;
ìdíje kékeré, àmì tí kò kún ọwọ́.
"Bí mo bá na ẹnìkan ní Káírò lọ́la,
àmì ẹ̀ á bá mi gbé fún ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta."
Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?
"Wọ́n á yọ ọ́ dànù, Màámi,
àfi kí n tún padà lọ wá òmíràn."

Mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi.
Ṣé iṣẹ́ tèmi kọ́ nìyí?
Ta ló rí obì èṣí tó kún agbọ̀n ọdún yìí?

Ó ní ó ṣì kù:
wọ́n á ro gbogbo àmì pọ̀,
wọ́n á fi iye ìdíje tó lọ pín in.
Mo ní, má wulẹ̀ máa sáré kiri nígbà náà;
ẹni tó da obì oníkòkòrò mọ́ ojúlówó
ló fọwọ́ ara ẹ̀ fa owó agbọ̀n wálẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó jókòó sílé náà ò yege.
Iye kan wà tí ìpín kì í kéré jù ú lọ;
bó o lọ, bó ò lọ, wọ́n á fi pín tìẹ."

Oṣù Ẹrẹ́nà ni orúnkún ẹ̀ dún.
Ó dùbúlẹ̀ sí yàrá, yìnyín nínú ọ̀rá lórí ẹsẹ̀.
Kò gbá bọ́ọ̀lù, kò pàdánù ẹyọ kan,
síbẹ̀ ó di mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ó di mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.
Inú bí mi. Ta ló na án?
Ẹ dárúkọ ọmọ náà fún mi!

Kò sẹ́ni tó na án.
Ọdún ni,
ọdún tó ń ṣa àmì ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ
bí ẹni ń jí obì nínú agbọ̀n ẹni tó sùn.

Ìwé ara ògiri ti pọ́n. Mi ò yọ ọ́.
Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó mú rákẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ lé e dé kíláàbù.
Iná kan ṣoṣo ló kù tó ń tàn.
Bọ́ọ̀lù náà tutù, ó balẹ̀, kò ta padà.
Bàbá ẹ̀ ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn,
wọ́n á lù ú títí ara ẹ̀ á fi yá.
Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Gbà. Ó dákẹ́.
Gbà.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.