Àtẹ̀gùn

Ojú títì ni mo ti wọ ilé tí mo háyà.
Mo wọ ẹ̀rọ agbénigòkè, mo wo nọ́ńbà rẹ̀:
àjà kọkànlá.
Mo dúró. N ò tíì gun nǹkan kan.
Ìyáàfin Xiong tó nilé nàka sílẹ̀, ó nàka sókè,
ó rẹ́rìn-ín, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́
bí ẹni fún ọmọdé ní ẹ̀pà.
Mo yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn:
títì mìíràn rè é nísàlẹ̀ pátápátá,
ọkọ̀ ń tò níbẹ̀ bí ìjàlọ.
Chongqing ò ní ibì kan ṣoṣo tó ń pè ní ilẹ̀.

Oṣù kan gbáko, n ò fojú kan oòrùn.
Kùrukùru ló ń jí ṣáájú mi,
òun ló ń bá mi sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjìdínlọ́gọ́sàn-án
(mo kà á; olùkọ́ ìṣirò ni mí, kí ni ǹ bá tún ṣe?)
títí dé ibùdókọ̀ ojú irin.
Bí mo bá fi máa dé kíláàsì, orúnkún mi ti sọ̀rọ̀ tán,
kí n tó la ẹnu tèmi.

Lédè wọn, rírà àti títà, ohùn nìkan ló pín wọn níyà:
ọ̀kan wọ kòtò kó tó jáde,
èkejì já lulẹ̀ bí òkúta.
Mo dé ìsọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Pu, mo ní mo fẹ́ ta ìgbá.
Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì tó ṣófo.
Ó wo ìgbá elésè àlùkò tó kún iwájú ara rẹ̀.
Ó ní, "Èló?"
Èmi náà dá iye lé e!
Ẹ̀rín pa ìyàwó rẹ̀ débi pé ó fi ìdí jókòó lórí àpò àlùbọ́sà.
Mẹ́ta ni mo rà. Ó fi ata ilẹ̀ ṣe èènì,
n ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pe èènì níbí,
mo kàn tẹ orí ba.

Tíṣà Ṣówándé, ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀pá nà mí
nítorí àmì ohùn tí mo gbé sí ibi tí kò yẹ,
ẹ wá wò mí lónìí:
ẹsẹ̀ ni mo fi ń gun dò, mo fi ń gun mí,
orí re ni mo ti ń mí.

Ní agogo mọ́kànlá òru, ìyá mi ṣì ń ká aṣọ lórí okùn,
oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú rẹ̀ nínú fóònù.
Mo ní ata kan wà níbí tí kì í ta,
ṣe ló ń mú ètè kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé.
Ó ní, "Ata tí kì í ta? Kí ló ń ṣe nínú ọbẹ̀?"
Ó dákẹ́. Ó ní, "O ti rù."
Mo ní fóònù ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Tan Yuhang, ọmọ ìlà ẹ̀yìn tó máa ń sùn,
ní kí n kọ orúkọ tí wọ́n ń fi kì mí nílé.
Mo kọ ọ́ sí pátákó pẹ̀lú àmì orí rẹ̀: Àdìgún.
Ní pápákọ̀ òfurufú mẹ́ta ni wọ́n ti tẹ orúkọ yẹn pẹrẹsẹ.
Ọmọ yìí wo àwọn àmì náà, ó nu ojú,
ó sọ̀kalẹ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀,
ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kó gòkè, ó kù díẹ̀ káàtó:
"Àdìgùn."
Ogójì ẹnu gbè é.
Mo na ṣọ́ọ̀kì láti tún un ṣe,
mo rántí orúnkún mi.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, oòrùn yọ.
Gbogbo àdúgbò gbé àga síta, àgbàlagbà ká ṣòkòtò dé itan.
Ìyáàfin Xiong kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà,
ó tọ́ka sí bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti sá sórí irin òrùlé,
ó tọ́ka sí ibùsùn mi.
Mo ká tèmi mọ́ àyà, mo gùn ún lọ.