Ìyẹ̀fun Pákó

Lọ́jọ́ tí Kóòṣì Fádáhùnsi dé, kò mú bọ́ọ̀lù dání.
Téèpù káfíńtà ló fi kọ́ ìgbànú,
pẹ́ńsù pupa wà lẹ́yìn etí rẹ̀.
Ó ní, "Ta ló mọ pápá yìí nínú yín?"
Gbogbo wa nawọ́.
Ó ní ó dáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣa òkúta,
ìdérí ìgò, egungun ẹja, bàtà ọmọdé ẹyọ kan.
Rábíù, balógun wa, yọ́ ọ sọ sí mi létí:
"Ṣé kóòṣì ni wọ́n gbà fún wa ni, àbí agbálẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń jókòó
lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín ò wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí kò bá gbé Ẹ̀bùtè Mẹ́ta kò lè mọ pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa:
èéfín Oko Bàbá níhìn-ín, ọ̀sà lọ́hùn-ún,
ẹ̀rọ ìlagi ń ké látàárọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.
Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré,
ẹja lè wá kí wa nílé gòólù.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ nà wá. Mẹ́rin sí òdo.
A gorí afárá padà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀
àfi òun: "Ìgbà mẹ́tàdínlógún
lẹ gbá bọ́ọ̀lù láìwo ojú ara yín."
Gòólù ńkọ́, sà?
"Rẹfirí ti ka ìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi téèpù wọn àárín wa.
Ó ní pákó méjì tí kò fara kanra,
kí ni ìṣó fẹ́ ṣe sí i?
A ta ọ̀mì l'Ákòká.
A borí ní Ìgbóbì, gòólù kan, ẹsẹ̀ Rábíù ni,
Rábíù tó sáré lọ dì mọ́ agbálẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Keje, ojú ọ̀run ya.
Wọ́n ní pápá ti kún, ká fún àwọn ará Ṣómólú ní ayò náà lọ́fẹ̀ẹ́.
Kóòṣì kò dáhùn.
Ní ìdájí, ọmọlanke mẹ́fà rọ́ wọlé,
òun ló ń ti àkọ́kọ́, ṣòkòtò ká dé orókún:
ìyẹ̀fun pákó, àpò lórí àpò,
ìrókò, àfàrà, ọmọ̀, a dà á, a tẹ̀ ẹ́,
omi fà á mu.
Pápá wa ń rùn bí àga tuntun.

Ọjọ́ náà ni ọrùn ọwọ́ Sẹ̀wànú yẹ̀.
Kóòṣì yíjú sí bẹ́ǹṣì. Èmi nìkan ló wọ ìbọ̀wọ́.
Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú,
àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn,
aṣọ́lé ṣubú, bó ti wù kó kéré tó,
ẹ̀yìn ló ń wò.
Mo mú ọ̀kan. Mo mú èkejì, ẹnu mi kún fún igi.
Ẹ̀kẹta gba abẹ́ apá mi kọjá
wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń lọ sílé.
Ó ku ìṣẹ́jú kan péré.

Ipò karùn-ún la wà nínú mẹ́jọ.
Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì béèrè ife.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò nínú irun mi,
ó ń bú ẹni tó rán mi níṣẹ́ ìlagi.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán lọ́jọ́ náà,
Kóòṣì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ òpó.
Ó ní kí n na apá. Ó wọ̀n ọ́ láti èjìká dé orí ìka,
ó fi pẹ́ńsù pupa kọ iye rẹ̀ sára òpó,
ó ká téèpù rẹ̀, ó lọ.
Títí di bí mo ṣe ń wí yìí,
n ò mọ ohun tó fẹ́ fi kàn.