Ojú Kẹrin

Láoyè ọlọ́dẹ gbé ìbọn ìléwọ́ wá sí àgbẹ̀dẹ wa l'Ómù-Àrán.
"Sípíríǹgì ló kú."
Bàbá ò fèsì.
Ó da ọta sínú àwo ẹ̀kọ,
ó fi àtàǹpàkò yí ilé ọta, ó dẹtí sí i:
ení yí, èjì yí, ẹ̀ta yí,
ẹ̀rin há.
Ó tún un yí. Ojú kẹrin náà ni.

"Ìbá ṣe sípíríǹgì, gbogbo ojú ni ì bá há."

Ó fi ìyẹ́ adìyẹ ha ìdí irin:
hóró ẹ̀tù kan tí iná ò jó,
kò tó ẹyin iná orí.

Lálẹ́, ó ń ka orúkọ wa sádùúrà:
Oyèwùsì, Àbẹ̀ní, Mopélọlá…
ohùn há.

Èmi ìkẹfà ń retí kí ó yí kàn mí.